Bàtà Tí Ń Mí: Ìtàn Àwọn Tó Wá Atẹ́gùn fún Ẹsẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta òun lẹ́sẹ̀. Ẹnu lásán la fi ń pa òwe yìí, a kì í sábà rò ó dénú. Bí a bá rò ó dáadáa, a ó rí i pé ìtàn tó ju igba ọdún lọ wà nínú rẹ̀, ìtàn àwọn ènìyàn tó ń wá ọ̀nà tí atẹ́gùn yóò gbà dé ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀ tí wọ́n tì mọ́ inú bàtà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ti máa rẹ́rìn-ín báyìí. Wọn á ní, "Ẹ wo akọ̀wé yìí o! Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, òórùn ẹsẹ̀ ló rí sọ?" Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń fi ṣe ẹ̀rín rín yìí ti sọ ọ̀pọ̀ akọni ọmọkùnrin di aláàbọ̀ ara lójú ogun. Ó ti sọ ọlọ́gbọ́n kan di onígbèsè títí ó fi wọ kàá ilẹ̀ lọ. Ó sì ti sọ ọmọ ọlọ́tí kan di olówó tí wọ́n mọ orúkọ bàtà rẹ̀ káàkiri ayé.

ÀLỌ́ TÓ WÀ NÍNÚ BÀTÀ

Kí a tó bọ́ sínú ìtàn, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú bàtà. Àtẹ́lẹsẹ̀ wa wà lára ibi tí ihò òógùn pọ̀ sí jù lọ ní gbogbo ara. Bí òógùn bá jáde, tí atẹ́gùn fẹ́ sí i, tó gbẹ, ńṣe ló ń gbé ooru ara lọ. Òun ló fà á tí ara fi ń tù wá bí a bá jókòó sábẹ́ igi lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn, tàbí tó wọ sálúbàtà, atẹ́gùn ń bá a ṣe iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ki ẹsẹ̀ bọ ìbọ̀sẹ̀, tó tún ki ìbọ̀sẹ̀ bọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ pátápátá, níbo ni òógùn tirẹ̀ fẹ́ gbà jáde? Inú ibẹ̀ náà ni yóò wà. Awọ ẹsẹ̀ á rọ̀, á funfun, á hunjọ bí ọwọ́ ẹni tó fọ aṣọ láti àárọ̀ dalẹ́. Awọ tó bá sì ti rọ̀ báyẹn, kì í pẹ́ bó. Kòkòrò tí ojú kò lè rí á rí ilé kọ́ síbẹ̀, òórùn á bẹ̀rẹ̀, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ á sì máa yún ẹni.

Ẹnìkan lè ní, "Ṣebí kí a dá ihò sí bàtà lára ni, ọ̀rọ̀ tán." Ó tì o! Ihò tí òógùn bá lè gbà jáde, omi òjò náà lè gbà á wọlé. Àlọ́ náà nìyí: báwo ni a ṣe fẹ́ ṣe bàtà tí omi òde kò ní wọlé, tí omi inú yóò sì jáde? Awọ ẹran gbìyànjú díẹ̀, nítorí ihò wínníwínní wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n awọ a máa mu omi. Bí a bá sì fi ọ̀rá pa á kí omi má baà wọ̀ ọ́, a ti dí lára ihò ọ̀hún nìyẹn. Ẹ di àlọ́ yìí mú, nítorí òun ni a ó máa bá lọ títí ìtàn wa yóò fi parí.

ẸSẸ̀ Ń ṢIṢẸ́, ORÍ Ń GBÁDÙN

Ó ti pẹ́ tí àwọn tó rí jájẹ ti ń wá ohun tí yóò mú ara tù wọ́n. Àwa náà mọ abẹ̀bẹ̀. Ọba kì í jókòó láwùjọ kí á má rí ẹni tí yóò máa fẹ́ ẹ sí i. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1787, ọ̀gbẹ́ni àlùfáà kan tó ń jẹ́ Manasseh Cutler lọ kí àgbà ọlọ́gbọ́n nì, Benjamin Franklin, ní ilé rẹ̀ ní Philadelphia. Ohun tó rí níbẹ̀ yà á lẹ́nu. Àga ńlá kan ni, irú èyí tí ń mì síwá sẹ́yìn, abẹ̀bẹ̀ gbàǹgbà sì wà lókè rẹ̀. Bí bàbá náà bá ń kàwé, ẹsẹ̀ ló kàn fi ń mì díẹ̀, abẹ̀bẹ̀ á máa fẹ́ sí i lórí, á tún máa bá a lé eṣinṣin. Lọ́dún yẹn kan náà, George Washington, tó padà di ààrẹ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ náà, ra àga alábẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ ní ìlú Philadelphia yìí kan náà. Oníṣẹ́ ọwọ́ kan tó ń jẹ́ John Cram ló ṣe é.

Ẹ ò rí nǹkan? Ẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, orí ló ń gba atẹ́gùn! Kò sí ẹni tó rántí fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìdẹ̀ra ṣe rí fún ìgbà pípẹ́: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ jù ni atẹ́gùn ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn. Ní ọdún 1882, Schuyler Wheeler ṣe fáànù oníná. Ní ọdún 1902, Willis Carrier gbé ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ kalẹ̀ fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn. Ṣé ẹ rò pé nítorí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń làágùn ni? Rárá o. Bébà ló ń mu ọ̀rinrin, tó ń fẹ̀, tí àwọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sí i kò fi bọ́ síbi tó yẹ. Bébà ni wọ́n ń tù lára! Atẹ́gùn tútù dé ọ̀dọ̀ bébà kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́.

RỌ́BÀ DÉ, WÀHÁLÀ DÉ

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀, ká wo ohun tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹsẹ̀ gan-an. Rọ́bà ni. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ní agbègbè odò Amazon ní Brazil ti ń gba oje igi rọ́bà, tí wọ́n sì ń fi í ṣe bàtà tí omi kì í wọ̀. Nígbà tí bàtà yìí dé Amẹ́ríkà, wọ́n rọ́ lù ú. Ní àwọn ọdún 1830, àwọn ilé iṣẹ́ rọ́bà ń yọ bí olú. Ṣùgbọ́n ayọ̀ wọn kò tọ́jọ́. Bí oòrùn bá mú, bàtà á yọ́, á lẹ̀ típẹ́típẹ́, á sì máa rùn. Bí òtútù bá dé, á le gbagidi bí òkúta. Àwọn oníbàárà dá ọjà padà, àwọn ilé iṣẹ́ sì wó lulẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Charles Goodyear ló wá fi ayé rẹ̀ jìn fún ọ̀rọ̀ yìí. Ó jẹ gbèsè, wọ́n tì í mọ́lé nítorí gbèsè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ìyàwó àti ọmọ ń bá a jìyà. Ní ọdún 1839, ní ìlú Woburn, rọ́bà tó ti po mọ́ imí-ọjọ́ kan iná sítóòfù. Dípò kó yọ́, ńṣe ló yi bí awọ. Bí àṣírí rọ́bà ṣe tú nìyẹn. Ní 1844 ó gba pátẹ́ǹtì, ìyẹn ìwé àṣẹ tí ìjọba fi ń dáàbò bo ẹni tó hùmọ̀ nǹkan. Àmọ́ àwọn mìíràn ń fi ìhùmọ̀ rẹ̀ pawó, òun ń bá wọn ṣe ẹjọ́. Nígbà tó kú ní 1860, gbèsè tó fi sílẹ̀ tó nǹkan bí $200,000. Ilé iṣẹ́ táyà tó ń jẹ́ Goodyear tí gbogbo wa mọ̀, kì í ṣe tirẹ̀ o. Ọdún 1898 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ lásán ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ní ọdún 1853, Hiram Hutchinson ra ẹ̀tọ́ láti fi ìhùmọ̀ Goodyear ṣe bàtà, ó sì gbé iṣẹ́ náà lọ sí ilẹ̀ Faransé. Bàtà onígi ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀ ń wọ̀ lọ sóko nígbà náà. Nígbà tí bàtà rọ́bà gíga dé, wọ́n yọ̀: ẹsẹ̀ gbẹ nínú ẹrẹ̀! A lè sọ pé wọ́n ti já ìdajì àlọ́ wa. Omi òde kò wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n rọ́bà kò ní ihò kankan, omi inú kò sì rí ọ̀nà jáde. Ó wá dà bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ olè lóde, láìmọ̀ pé olè mìíràn ti wà nínú yàrá.

ẸSẸ̀ TÓ JẸRÀ NÍNÚ KÒTÒ

Ogun àgbáyé àkọ́kọ́, láti 1914 sí 1918, ló fi han gbogbo ayé pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ kì í ṣe eré. Ní ilẹ̀ Faransé àti Belgium, inú kòtò ni àwọn ọmọ ogun ń gbé. Òjò ń rọ̀, òtútù ń mú, omi dúró sínú kòtò. Ọmọ ogun lè wà nínú omi yẹn tọ̀sán tòru láìbọ́ bàtà. Ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ kú tipiri, ẹni náà kò ní mọ̀ ọ́n lára mọ́. Á wú, á yí àwọ̀ padà, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Nígbà mìíràn, àfi kí dókítà gé e. Ẹsẹ̀ kòtò ni wọ́n ń pe àìsàn náà, ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ ogun ló sì bá jà láìjẹ́ pé ọta ìbọn kàn wọ́n.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sáré wá bàtà rọ́bà. Ilé iṣẹ́ North British Rubber ní Edinburgh nìkan ṣe ju 1,000,000 ẹsẹ̀ méjì-méjì lọ fún wọn. Ó ṣèrànwọ́, a kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kò tó. Àwọn ọ̀gá ogun wá pàṣẹ: kí olúkúlùkù máa bọ́ bàtà lóòrèkóòrè, kí wọ́n nu ẹsẹ̀ gbẹ, kí wọ́n fi òróró ẹja àbùùbùtán pa á, kí wọ́n pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀. Wọ́n ní kí ọ̀gá máa yẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ wò, kí àwọn ọmọ ogun sì máa bá ara wọn tọ́jú ẹsẹ̀. Ẹ wo ọ̀gá ṣọ́jà tó ń bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ ọmọ abẹ́ rẹ̀! Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an ni àìsàn náà dínkù. Ìgbà tí ọ̀gá mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọmọ iṣẹ́ kan òun ni ìwòsàn dé.

BÀTÀ DI ẸWÌRÌ

Ogun kejì gbé àwọn ọmọ ogun lọ sí ibi tí kò sí òtútù, àfi ooru, òjò àti igbó kìjikìji. Ní ọdún 1942, àwọn ará Amẹ́ríkà dán bàtà tuntun kan wò nínú igbó ilẹ̀ Panama. Rọ́bà ni àtẹ́lẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kánfáàsì ni ara rẹ̀, nítorí kánfáàsì a máa tètè gbẹ. Inú rẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà. Ìtẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi síbẹ̀ jẹ́ àwọ̀n oníke tí wọ́n ń pè ní Saran, tí wọ́n to léra wọn. Bí ọmọ ogun bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọ̀n á fún, atẹ́gùn inú rẹ̀ á jáde. Bó bá gbé ẹsẹ̀ sókè, àwọ̀n á tún fà, atẹ́gùn tuntun á wọlé.

Ẹni tó bá ti dé ilé arọ́ rí, tó wo bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ṣe ń fẹ́ iná, ti mọ bí bàtà yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ ń rìn, ó sì ń fẹ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn àádọ́jọ ọdún ó lé díẹ̀ tí ẹsẹ̀ Franklin ti ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí orí, ẹsẹ̀ wá rí nǹkan fẹ́ sí ara tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ẹsẹ̀ bíbó àti egbò dínkù. Nígbà ogun Vietnam, ní àwọn ọdún 1960, wọ́n tún dá ihò kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ bàtà náà kí omi odò tó bá wọlé lè máa ṣàn jáde.

Ogun kejì yìí kan àwa náà. Láàárín 1943 sí 1945, ìpín 81 àti ìpín 82 ti àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà jà ní Bọ́má, àwọn ọmọ Yorùbá sì wà nínú wọn. Kí ogun náà tó dé, ọ̀pọ̀ ṣọ́jà ilẹ̀ wa ló jẹ́ pé ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń yan. Ẹsẹ̀ tó ti mọ atẹ́gùn láti kékeré wá bá ara rẹ̀ nínú bàtà, nínú òjò àti ẹrẹ̀ àfonífojì Kaladan, pẹ̀lú ẹrù lórí.

FÀ Á YỌ!

Títí di àsìkò yìí, kò sí ẹni tó já àlọ́ wa tán. Bàtà igbó kàn gbà kí omi wọlé, kó sì tún jáde ni. Oṣù kẹwàá ọdún 1969 ni ìdáhùn yọjú ní ìpínlẹ̀ Delaware, ní Amẹ́ríkà. Bob Gore ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1958. Ó ń mú ọ̀pá ike kan gbóná, irú ike tí wọ́n fi ń pa inú ìkòkò tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, ó sì ń gbìyànjú láti fà á gùn. Ó rọra ń fà á, ó ń já. Ó tún rọra fa òmíràn, ó tún já. Inú bí i, ó fa ọ̀kan yọ pẹ̀lú agbára. Wò ó! Kò já. Ó gùn tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ, ara rẹ̀ sì kún fún ihò tí ojú lásán kò lè rí.

Bí ihò náà ṣe kéré tó ni iṣẹ́ ìyanu ibẹ̀. Omi tó kán tótó tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po 20,000, nítorí náà kò lè wọlé. Ṣùgbọ́n òógùn tí ooru ara ti sọ di ooru lásán kéré jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 700, ó sì ń gba ibẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Àlọ́ já! Ní 1976, aṣọ Gore-Tex bọ́ sọ́jà, nígbà tó sì yá ó wọ inú bàtà.

ỌMỌ ỌLỌ́TÍ ÀTI Ọ̀BẸ RẸ̀

Síbẹ̀, ohun kan ṣẹ́ kù. Ara bàtà ti ń mí, àtẹ́lẹ̀ rọ́bà ṣì dí. Ìdílé tó ń ṣe ọtí wáìnì ní ilẹ̀ Ítálì ni Mario Moretti Polegato ti wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ọ̀rọ̀ ọtí gbé e lọ sí Reno, ní Nevada, ilẹ̀ aṣálẹ̀ tí oòrùn ń jó. Ó wọ bàtà onírọ́bà jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbóná bí ẹni tó tẹ ẹyin iná. Kí ni ọkùnrin yìí ṣe? Ó fa ọ̀bẹ kékeré yọ, ó dá ihò sí àtẹ́lẹ̀ bàtà méjèèjì. Atẹ́gùn wọlé, ara tù ú.

Ẹlòmíràn ì bá ju bàtà náà nù bó bá délé, kó gbàgbé. Polegato kò gbàgbé. Ìdílé rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ bàtà kékeré kan. Ibẹ̀ ló ti wá awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí yóò bo ihò náà, tí òógùn yóò gbà jáde tí omi kò sì ní gbà wọlé. Ó gba pátẹ́ǹtì. Ó gbé e lọ fún àwọn ilé iṣẹ́ bàtà ńláńlá pé kí wọ́n rà á. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́. Ní tèmi o, kò yà mí lẹ́nu. Ẹsẹ̀ tiwọn kọ́ ló jó ní Reno. Ní 1995, òun fúnra rẹ̀ dá Geox sílẹ̀ ní Montebelluna, ìlú tí wọ́n ti mọ̀ fún bàtà àwọn tó ń gun òkè. Nígbà tó di ọdún 2004, ilé iṣẹ́ náà ti wọ ọjà ìpín ìdókòwò ní Milan. Ohun tí àwọn ọ̀gá kọ̀ ló sọ ọ́ di ọ̀gá.

TIWA ŃKỌ́?

Kí ẹnikẹ́ni má sáré lọ ná owó gọbọi nítorí ohun tí mo sọ yìí. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wọ̀nyí ní ìwọ̀n tiwọn. Ohun tó ń ti òógùn jáde ni pé ọ̀rinrin inú bàtà pọ̀ ju ti òde lọ. Ní ibi tí òde bá ti gbẹ, iṣẹ́ ń lọ geere. Ṣùgbọ́n ní Èkó, nínú oṣù keje tí òde fúnra rẹ̀ ń làágùn, níbo ni òógùn ẹsẹ̀ fẹ́ sáré lọ? Yóò jáde, àmọ́ pẹ̀lú ìrọra ni. Ní ojú ọjọ́ bí tiwa, sálúbàtà àwọn baba wa kì í ṣe ohun ẹ̀gàn. Àwọn tó ṣe bàtà Crocs ní Colorado ní ọdún 2002 gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ihò gbangba ni wọ́n dá sí i lára. Ibi àfihàn ọkọ̀ ojú omi ní Florida ni wọ́n ti kọ́kọ́ tà á, 200 tí wọ́n kó lọ tán pátá. Wọ́n bú bàtà náà pé kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tó ń dúró láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kò wo ẹwà, ara ló ń tù wọ́n.

Ohun kan ṣì kù tó dùn mọ́ mi nínú. Ní Japan, Hiroshi Ichigaya, tó ti fìgbà kan ṣiṣẹ́ ní Sony, hùmọ̀ ẹ̀wù tó ní fáànù kéékèèké méjì lẹ́yìn. Ní 2004 ló dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ fún un. Fáànù á fa atẹ́gùn wọlé, òógùn á gbẹ lára, atẹ́gùn á gba ọrùn àti ọwọ́ ẹ̀wù jáde. Àwọn tó ń kọ́lé àti àwọn tó ń roko ló ń wọ̀ ọ́. Láti 1787 tí abẹ̀bẹ̀ ti wà lórí àga Franklin, ó gbà á ní 217 ọdún kó tó dé ẹ̀yìn òṣìṣẹ́. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́. Bí ẹ bá ra bàtà rọ́bà fún àwọn ọmọ yín, ó dára, ẹ ṣeun. Ẹ tún fún wọn ní àyè láti bọ́ ọ, kí ẹsẹ̀ wọn gbẹ. Ẹ̀yin olùkọ́, bí òfin ilé ìwé bá ní bàtà dúdú tó bo ẹsẹ̀ ni kí ọmọ wọ̀ nínú oòrùn oṣù kẹta, ẹ bi ara yín léèrè ta ni òfin náà ń tù lára. Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí ọmọ wọ bàtà kan ṣoṣo lójoojúmọ́ bí agbára bá gbé e; ẹ sá a sí atẹ́gùn, ẹ fọ ìbọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin ṣúméékà wa ní Muṣin àti níbi gbogbo, ọ̀bẹ kékeré ló bẹ̀rẹ̀ Geox, ẹ̀yin náà sì ní ọ̀bẹ lọ́wọ́. Bí oníbàárà bá ní bàtà ń ta òun, ẹ má sọ fún un pé yóò fẹ̀ tó bá yá. Ẹ bi í níbi tó ti ń ta á.